Àfọwọ́fà Ni

Mo ba ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mi jẹ́ nítorí pé n kò fẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́ mi ní nǹkan. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó pẹ́ kí n tó lè wí i báyìí, torí ohun tí mo kọ́kọ́ ń sọ kiri ni pé fílítà ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.

Ẹ má rò pé pípa ọ́ìlì dà nílé ni àṣìṣe náà. Iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe ni. Corolla 2003 ni mò ń wà. Nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ sọ́ǹpù rẹ̀, sípánà fọ́tíìnì ló ń tú u. Ọ́ìlì tó ń mu, tí ẹ bá pa fílítà dà mọ́ ọn, kò pé lítà mẹ́rin, lítà 3.7 ni. Ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ jẹ́ kí èyí tó ti dúdú jò tán, ẹ pa fílítà dà, ẹ dé nọ́ọ̀tì padà, ẹ bu tuntun sí i. Mo wo ẹni tó ṣe é lórí fóònù, kò pẹ́ rárá tó fi nu ọwọ́. Ibi tó ti rọrùn yẹn gan-an ló ti mú mi.

Ọ̀gá tó ń tọ́jú ọkọ̀ mi n'Íbàdàn ti ń tú ẹ́ńjìnì láti ìgbà tí mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Tíṣà ló máa ń pè mí, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Àárín wa dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ara ti ń fu mí. Bí mo bá ra ọ́ìlì lítà mẹ́rin wá, tí wọ́n bá ṣe sáfíìsì tán, n kì í rí ìyókù inú ike mọ́. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ. Ìyókù wo? Kò ju ife omi kan lọ.

Nígbà tí mo sọ fún un pé èmi fúnra mi ni n ó máa ṣe é láti ìsinsìnyí, kò bínú. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Ó ní, "Kò burú, Tíṣà. Ohun kan ṣoṣo ni o. Tí ẹ bá ti tú fílítà àtijọ́, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì nígbà míì." Mo ní mo ti gbọ́.

N kò gbọ́. Ohun tí ọkàn mi ń wí ni pé ẹni tí kò kàwé tó mi ń kọ́ mi ní ohun tí mo ti mọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ bí ojú akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mi orí láìgbọ́ ṣe ń rí. N kò mọ̀ pé ojú mi rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan, nígbà tí iléèwé wà ní ọlidé, mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo ti fi stand gbé e ró, torí jáàkì lásán lè yẹ̀ kí ọkọ̀ wó lé ènìyàn. Ọ́ìlì jò tán, nọ́ọ̀tì wọlé padà. Fílítà ló le. Mo fi gbogbo agbára yí i, ó yẹ̀ lójijì, ọ́ìlì gbígbóná sì dà sí mi lápá dé ìgúnpá. Mo ju fílítà àtijọ́ náà sínú ike. Mo fi ìka ra ọ́ìlì tuntun mọ́ rọ́bà fílítà tuntun, bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo fi ọwọ́ dè é títí ó fi kanlẹ̀, mo wá fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kún un. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. N kò wo ẹnu fílítà àtijọ́.

Rọ́bà rẹ̀ kò bá a wá. Ó wà lókè, ó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, àwọ̀ rẹ̀ àti ti irin tó lẹ̀ mọ́ kò yàtọ̀. Mo ti dé tuntun lé e lórí, ọmọrí méjì lórí ìkòkò kan. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, méjèèjì lè dì í mú. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ló ń fi ipá ti ọ́ìlì gba inú fílítà kọjá, bí ọkọ̀ bá sì ṣe ń sáré ni ipá yẹn ń le sí i. Rọ́bà lórí rọ́bà kò níbi tí yóò fi ẹsẹ̀ tì. Yóò yọ̀, yóò yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ́ìlì yóò sì gba ibẹ̀ dà.

Lálẹ́, ìyàwó mi pè mí síta. "Dádì, ẹ wo ilẹ̀ níbí o. Ṣé ọ́ìlì kọ́ nìyí?" Mo ní èyí tó dà sílẹ̀ lọ́sàn-án ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n páálí kan péré ni ǹ bá tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú, kí n fi mọ̀. N kò tẹ́ ẹ, torí n kò fẹ́ mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a gbéra lọ sí Ifẹ̀. Ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ní ilé wa níbẹ̀, inú ọkọ̀ mi sì ni ìyá ìyàwó fúnra rẹ̀ jókòó sí, ó gbé gèlè rẹ̀ lé itan. A kọjá Aṣéjíre. Iná pupa kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n yà bí agolo ọ́ìlì tó ń kán. Ó kú. Ó tún tàn. Ẹ̀gbọ́n mi rí i láti ẹ̀yìn. "Àbúrò mi, iná kí nìyẹn?"

Mo ní, "Wáyà ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má dá a lóhùn."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe wáyà.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé iná yẹn ń sọ pé ọ́ìlì dín díẹ̀, pé tí a bá dé ibi tí à ń lọ, a ó bu sí i. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ipá tó ń ti ọ́ìlì ká inú ẹ́ńjìnì ti lọ. Crankshaft, irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, kì í fara kan bẹ́rìn tó gbé e ró nígbà tí ọ́ìlì bá wà. Orí ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ ló ti ń yí. Tí ọ́ìlì bá ti lọ, irin ń jẹ irin nìyẹn. Kò gba àkókò. Ẹni tó bá pa ọkọ̀ níbi tí iná náà ti tàn lè mórí bọ́ pẹ̀lú owó ọ́ìlì àti ìtìjú.

Ìtìjú yẹn ni n kò fẹ́. Bí mo bá dúró, n ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, n ó pe mẹkáníìkì, yóò sì bi mí bóyá mo wo ẹnu fílítà. Mo ní kí n dé Ìkirè ná.

A kò dé Ìkirè. Ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn láti ìsàlẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́. Ó le sí i. Ó kú. Mo fi kọ́kọ́rọ́ tan án. Kò yí.

Ẹ̀gbọ́n mi wọ bọ́ọ̀sì akérò lọ sí ìdána ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti ka lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó tán kí ó tó wọlé.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan wò, mo ti wà ní ìsọ̀ ẹni tó ta fílítà fún mi ní Gate, n'Íbàdàn. Mo pariwo. Mo pè é ní olè lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọkùnrin náà kàn ń wò mí.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá mẹkáníìkì tú fílítà. Rọ́bà méjì jáde. Ọ̀kan rọ̀, ó ń dán, ó ti ya níbi tó ti yọ síta. Èkejì ti gan, ó ti tẹ́ pẹlẹbẹ. Ó tò wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ìdààmú." Kò fi nǹkan kan kún un.

Ẹ́ńjìnì náà kò ṣe é tún ṣe mọ́. Tòkunbọ̀ ni wọ́n bá mi rà ní Ládìpọ̀, ní Mushin. Owó rẹ̀ ju gbogbo owó sáfíìsì tí ǹ bá san títí ọkọ̀ náà yóò fi gbó. Ẹ̀gbọ́n mi kan náà yẹn ló yá mi nínú rẹ̀, n kò sì tíì san án tán.

Mo ṣì ń pa ọ́ìlì dà fúnra mi. Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Tí fílítà àtijọ́ bá ti bọ́, ẹ yí ẹnu rẹ̀ sókè, kí ẹ fi ojú yín rí rọ́bà rẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ó wà lára ẹ́ńjìnì; ẹ fà á yọ, ẹ fi àkísà nu ojú ibẹ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnì kí ẹlòmíì máa wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀, ẹ fa géèjì wò. Ẹ má gbé e rìnrìn àjò lọ́jọ́ kejì. Ẹ má da èyí tó dúdú sí gọ́tà. Àwọn káfíńtà ń wá a láti fi kun igi nítorí ikán. Bí iná pupa yẹn bá sì tàn, ẹ pa ọkọ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ àna yín ló jókòó sẹ́yìn.

Mo padà lọ sí Gate. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, fílítà yín kò ní àbùkù kankan. Èmi ni mo ṣì í dè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó ní kò burú, òun ti dárí jì mí. Ó wá ní, "Àwọn tó gbọ́ nígbà tí ẹ pè mí lólè ńkọ́? Ta ni yóò sọ fún wọn?"

N kò rí èsì fọ̀. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe kọ èyí.