Mọ́tò Tí Ìyá Mi Kò Lè Wọ̀

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ó ju ọ̀rọ̀ mọ́tò lọ.

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn eré. Nígbà tí mo rí iṣẹ́ ní Kútọnu, mọ́tò tí mo kọ́kọ́ fi owó ara mi rà, mọ́tò turbo ni. Ní 1992 mo tà á, mo ra òmíràn tó le jù ú lọ: pupa, kékeré, onílẹ̀kùn méjì, tó sún mọ́ ilẹ̀ bí ẹni pé ó ń fà.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, èéfín tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ni turbo ń lò. Agbára èéfín náà ní í yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan tí í máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, kí ó lè jó epo púpọ̀ sí i. Ó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí o bá tẹ iná mọ́ ọn, á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà á fi ọ́ sọ̀kò. Adùn ibẹ̀ nìyẹn. Láti Àjàṣẹ́ dé Sakété, kò sí ẹni tí n kì í kọjá lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀. Kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí títì kò bá a lára mu. Bí a bá sì ti ọ̀nà jíjìn dé, a kò gbọdọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí a jẹ́ kí turbo tutù díẹ̀, kí òróró má baà jóná sí i lára. Èmi kò ní sùúrù yẹn, ó sì bàjẹ́ lọ́wọ́ mi ní 1994. Oṣù January ọdún náà gan-an ni wọ́n dín owó sefa kù, tí fráǹkì Faransé 1 tó jẹ́ sefa 50 di sefa 100. Ohun tó ń ti ilẹ̀ Faransé wá wọ́n gógó. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni mo fi tún un ṣe. Ìyàwó mi kò jà. Ó kàn ní, “Bàbá Bísí, mọ́tò yìí ń jẹun ju àwa lọ.” Mo rẹ́rìn-ín, n kò gbọ́.

Ní 1996, wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti Kétu pé ìbàdí ń dun ìyá mi, kò lè dìde mọ́. Mo sáré débẹ̀, inú mi dùn pé mo tètè dé. Ìgbà tí a fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ni mo rí ìṣòro. Ìjókòó ti sún mọ́ ilẹ̀ jù, ẹni tó bá sì fẹ́ dé ẹ̀yìn, àfi kó rá pálá wọlé. A gbé e, a tì í, ó ké. Ọ̀nà eruku pupa ni, mọ́tò náà sì le bí àpáta. Kòtò kọ̀ọ̀kan, ìyá mi á kérora. A kò tíì dé Pọbẹ̀ tó fi ní, “Àkànní, dúró. Gbé mi sọ̀kalẹ̀.”

A tẹ́ ẹ sábẹ́ igi. Takisí kan dé, Peugeot 504 tó ti gbó. Awakọ̀ náà bẹ àwọn èrò rẹ̀, wọ́n fún ara wọn láyè, a tẹ́ ìyá mi sí ìjókòó ẹ̀yìn. Kò kérora mọ́. Èmi tí mo máa ń kọjá gbogbo ènìyàn, mo tẹ̀ lé takisí lẹ́yìn títí dé Àjàṣẹ́, mọ́tò mi ṣófo.

Ní ilé ìwòsàn, ìyá mi kò bá mi wí. Ó ní, “Ọmọ mi, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Kí oṣù náà tó pé, mo ta turbo, mo ra 504 tèmi. Ilẹ̀kùn mẹ́rin, ìjókòó tó rọ̀, ìsàlẹ̀ tó ga, tí í máa gbé kòtò mì. Kì í sì í ṣe ọ̀lẹ: ní 1975, irú rẹ̀ ló gba ipò kìíní nínú eré mọ́tò Safari ní ilẹ̀ Kenya, láìní turbo. N kò ní purọ́ fún yín, àárò eré sọ mí fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbé ìyá mi lọ, tí mo ń gbé e bọ̀. Nítorí pé a rọra ń lọ, tí kò sí ariwo, ó ń sọ ìtàn fún mi: bí òun àti bàbá mi ṣe pàdé, orúkọ àwọn tí wọ́n ti kú kí a tó bí mi. Ká ní turbo ni, n kì bá tí gbọ́ ọ̀kan. Ó fi wá sílẹ̀ ní 2000.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní kí ẹ má fẹ́ràn mọ́tò tó ń sáré. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san owó, ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ bi ara yín pé: ta ni yóò jókòó síbí?