Àgbà Ilé Nínú Ọkọ̀ Afẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ kó ìdílé rẹ̀ wọ ọkọ̀ afẹ́ orí òkun lọ sí àwọn erékùṣù Karíbíà, orúnkún àgbà ilé ni kó kọ́kọ́ rò, kó tó ro owó. Ohun tí ojú wa rí ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àtèyí tó dùn àtèyí tó dunni, ọ̀dọ̀ màámi ni gbogbo rẹ̀ fì sí. Houston la ń gbé. Àwọn ọmọ wa ti ń di ọ̀dọ́, màámi sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá bá wa, wọ́n sì ti gba gíríìnì káàdì. Ọkọ mi ló dá a lábàá pé ká jọ lọ, ó ní nínú ọkọ̀ òkun, ibi tí ènìyàn ń sùn náà ló ń gbé e rìn, àgbà kò ní máa wọ́ báàgì láti òtẹ́ẹ̀lì kan dé òmíràn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ìwé ìrìnnà ló kọ́kọ́ mú wa lómi. Ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà tí kò tíì pé ọdún 16 lè fi ìwé ẹ̀rí ìbí wọ ọkọ̀ tó bá gbéra ní èbúté Amẹ́ríkà, tó sì máa padà sí èbúté yẹn kan náà. Ti màámi kò rí bẹ́ẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni wọ́n ń lò, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá sì yà sí ló ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa kò mọ nǹkan kan nípa èyí, àwọn oníbàárà tó ní pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ló mọ́ ọn lára. A kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wa, a ní kí wọ́n dá wa lóhùn lórí ìlú kọ̀ọ̀kan, a sì tẹ èsì wọn jáde, a mú un dání. Bó bá jẹ́ físà àlejò ni ìyá yín fi wà lọ́dọ̀ yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá ó gbà wọ́n láyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá bá ọkọ̀ lọ ti jáde kúrò ní Amẹ́ríkà nìyẹn, ẹnubodè ni yóò tún gbà wọlé.

Òògùn ìfúnpá màámi kò kúrò nínú àpamọ́wọ́ mi láti ilé. Ní èbúté Miami, àwọn aláàárù ló ń gba àpótí lọ́wọ́ èrò, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kí àpótí náà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ẹni tó bá kó òògùn ọ̀sán sínú rẹ̀ yóò kàn máa wojú ọ̀run ni. Ní ti yàrá, a fi owó kún owó ká lè gba èyí tó wà láàárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, níbi tí mímì ìgbì ti kéré jù. Síbẹ̀, lóru àkọ́kọ́, màámi bì, wọ́n sì tún bì. Ọmọkùnrin ará Philippines tó ń tọ́jú yàrá wa ló gbé ápù tútù àti bisikíìtì wá, èmi sì fún wọn ní atalẹ̀ láti jẹ lẹ́nu. Dókítà wà nínú ọkọ̀ o, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, orí àkáǹtì yàrá ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá ń gbé àgbà lọ láìra ìwé adójútòfò ìrìn-àjò ń fi ọkàn ara rẹ̀ sínú ìdààmú ni.

Ẹ̀rù òkun ti ń ba màámi tẹ́lẹ̀. Ohun tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ ni ìdánrawò ààbò tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ṣe. Nígbà tí ọkọ̀ Costa Concordia forí sọ àpáta ní Ítálì lóṣù kìíní ọdún 2012, tí ènìyàn 32 kú, àwọn èrò kan wà nínú rẹ̀ tí wọn kò tíì ṣe ìdánrawò kankan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú òfin le pé kó ti wáyé kí ọkọ̀ tó gbéra, tàbí lójú ẹsẹ̀ tó bá gbéra. Àwọn mìíràn ń ṣe é wàràwàrà, wọ́n ń sáré lọ síbi oúnjẹ. A mú màámi rin ọ̀nà náà láti yàrá dé ibi ìpéjọ, wọ́n sì fojú ara wọn rí bí wọ́n ṣe ń so ẹ̀wù ìlefòó mọ́ra.

Owó tí a san sílẹ̀ kọ́ ni gbogbo owó. Ẹ̀bùn àwọn òṣìṣẹ́ wà, bíi dọ́là 16 sí 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, wọ́n sì ń ka ọmọdé mọ́ àgbà. N kò bínú sí i, mo rí bí àwọn ọmọ ọlọ́mọ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ kí ẹni tó ń ṣírò mọ̀.

Nassau ni ọkọ̀ kọ́kọ́ yà. Ibi tó gúnlẹ̀ sí kò jìnnà sí ilé kan ní Bay Street tí wọ́n ti ń lu ẹrú ní gbànjo láyé àtijọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni báyìí, orúkọ Pompey ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹrú tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ní erékùṣù Exuma lọ́dún 1830. Èrò inú ọkọ̀ ń rọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta wúrà. A wọlé. Màámi ní kí ọmọ mi obìnrin ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri fún àwọn, kó máa sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sì gbìyànjú, ó ṣe é. Láti ibẹ̀ la gba ibi àtẹ̀gùn 66 tí àwọn ẹrú gbẹ́ sínú àpáta ní nǹkan bí ọdún 1793 sí 1794. Àwọn ọmọ gùn ún, èmi àti màámi dúró nísàlẹ̀.

Awakọ̀ tó gbé wa gbọ́ èdè tí à ń sọ, ó ní Fox Hill ni ilé òun. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú lọ́dún 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń dá àwọn tó ń kó ẹrú lọ́nà, wọ́n sì ń sọ àwọn tí wọ́n gbà kalẹ̀ ní Bahamas. Yorùbá wà lára wọn, àwọn kan sì tẹ̀dó sí Fox Hill. Ó mú wa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń hun apẹ̀rẹ̀ tà. A bá a níbi tó ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn obìnrin mìíràn: ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń dá a, ẹnì kan á kó o, ó di ọ̀sẹ̀ tó tún kan ẹlòmíràn. Asue ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni màámi fi ṣe olórí èsúsú ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Wọ́n fa àga mọ́ra. Wọ́n bi obìnrin náà pé kí ló ń ṣe sí ẹni tó bá ti kó tirẹ̀ tán tí kò wá san mọ́. Ó ní òun á fi owó ara òun dí i ná, lẹ́yìn náà òun á kó àwọn yòókù lẹ́yìn lọ sílé onítọ̀hún. Màámi pàtẹ́wọ́: “Ohun tí èmi náà ń ṣe nìyẹn!” Ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dùn.

Mo sì ní láti dá wọn dìde. Ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó bá dá lọ ṣeré, ẹni tó bá pẹ́ yóò fowó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú bá a ní ìlú tó kàn. Nínú gbogbo ìrìn-àjò náà, èyí ló dùn mí jù, pé mo fa ìyá mi lọ́wọ́ kúrò níbi tí ara ti tù wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí agogo.

Grand Cayman la tún fẹ́ yà. Kò ní èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè so mọ́. Ọkọ̀ kékeré ló ń gbé èrò lọ sí George Town, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ sọdá láti inú ọkọ̀ kan bọ́ sí èkejì bí wọ́n ṣe ń mì. Mo ti pinnu láti dúró ti màámi nínú ọkọ̀. Ìgbì wá le lọ́jọ́ náà, ọ̀gá ọkọ̀ ní a kò ní dúró rárá. Ìwé àdéhùn fún un láyè, owó èbúté nìkan ni wọ́n dá padà sórí àkáǹtì wa. Láti oṣù kẹfà dé ìparí oṣù kọkànlá ni ìgbà ìjì lágbègbè yẹn, inú rẹ̀ sì ni ìsinmi gígùn kan ṣoṣo tí àwọn ọmọléèwé ní bọ́ sí.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ̀ òfuurufú la ó wọ̀ lọ sí Nassau, ká lè sùn níbẹ̀. Oṣù kẹjọ la mú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù yẹn làwọn ará Fox Hill ń ṣe àjọ̀dún wọn, nítorí pé ìròyìn òmìnira ọdún 1834, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Màámi àti alásue wọn ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ọmọ mi obìnrin ló ń túmọ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí Ìtòkú fún àdìrẹ, wọ́n fẹ́ mọ iye tí yóò tà níbẹ̀.