Ohun Tí Kónílé-ó-gbélé Ọdún 2020 Kọ́ Àwa Olùkọ́ Kéú

   

Wọ́n ní kí àwa olùkọ́ kéú kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ọdọọdún yìí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn wa láti ọdún 2020, àṣìṣe wa sì ni. A fẹ́ sọ ọ́ kí ó lè ṣe ẹlòmíràn ní àǹfààní.

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún náà ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà. Nígbà tí a gbọ́ ọ lórí rédíò, a ní àrùn àwọn tí ń wọ bàálù ni, pé kò lè dé Ọ̀fà. A gbàgbé pé ìlú tí rélùwéè gbà kọjá kò jìnnà sí ibì kankan. Ní ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn líle dé Èkó, ọkọ̀ ojú irin sì gbé e wọ ilẹ̀ òkè. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n ti àwọn ilé-ìwé pa. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, ìjọba Kwara kéde pé àrùn náà ti dé ìpínlẹ̀ wa. Kí oṣù náà tó dé ìdajì, kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú pa rọ́rọ́. Jímọ̀ dé, a kò rí ibi kó ẹsẹ̀ jọ sí. Ànàmọ́ tí àwọn ìyá wa máa ń kó sọ́kọ̀ lọ sí òde jókòó sílẹ̀ títí ó fi ń hù.

Ẹ̀yin òbí mọ̀ pé owó àlàrùbá ni àwa fi ń jẹun. Nígbà tí àlàrùbá mẹ́ta kọjá tí ọmọ kankan kò wá, gààrí wa tán. Ìtìjú kò jẹ́ kí a sọ fún ẹnikẹ́ni. Àfáà tí ń ṣe àdúà fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n rí jẹ, báwo ni yóò ṣe sọ pé ebi ń pa òun? Ni a bá gbìmọ̀. A ní kí ọmọ mẹ́jọ tí ilé wọn sún mọ́ wa máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lẹ́yìn ìrun àsùbáà. A ti ilẹ̀kùn, a ti fèrèsé, a ní kí wọ́n máa fi ohùn jẹ́jẹ́ ka wàláà wọn. A sọ fún ara wa pé nítorí Kùránì ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó àlàrùbá náà wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò wá. Wọ́n ní ìyá àgbà tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan ni ara rẹ̀ gbóná, ó ń wúkọ́, kò sì lè jẹun. A tú àwọn ọmọ yòókù ká lọ́jọ́ náà. Òru mẹ́rin ni a kò fi rí oorun sùn.

Ohun tí ó ń dùn wá jù ni hádíìsì tí àwa fúnra wa ti kọ́ àwọn ọmọ náà, èyí tí Abdur-Rahman ọmọ Awf gbà wá, pé kí a má ṣe wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wà, kí ẹni tí ó bá wà nínú rẹ̀ má sì sá jáde. Sáídínà Umar ti rin ìrìn àjò títí dé Sarg lójú ọ̀nà Ṣáàmù kí ó tó gbọ́ pé àrùn wà níwájú. Ó gba ìmọ̀ràn, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí Mẹ̀dínà. Olórí àwọn onígbàgbọ́ òdodo gbà láti padà lójú ọ̀nà, àwa kò sì lè ti yàrá kan ṣoṣo pa. A mọ hádíìsì náà lórí, a kò lò ó.

Ọlọ́hun ṣàánú wa, ibà lásán ni. Nígbà tí ara ìyá náà yá, a lọ sí ilé wọn, a dúró sí ìta gbangba, a sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ebi. Ìyá náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Àfáà, ẹ ò sọ fún wa pé ebi ń pa yín. Ṣé torí pé ilé-kéú tì lẹ ò fi jẹ́ àfáà wa mọ́?” Kò bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára ju ìbínú lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti rán èlùbọ́ àti ànàmọ́ sí wa. Àwọn òbí mìíràn náà gbọ́, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ wá sí ẹnu ọ̀nà wa.

Nígbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, a fi iṣẹ́ kéú lé àwọn òbí lọ́wọ́. Bàbá kan tí ó jẹ́ awakọ̀ sọ fún wa pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun yóò ṣe lémọ́ọ̀mù fún ará ilé òun nínú ìrun àṣámù. Súrà mẹ́rin péré ni ó mọ̀. Lẹ́yìn ìrun, ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án a jókòó tì í, a sì máa kọ́ ọ. Nígbà tí a fi kí ìrun yídì nínú ilé ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, súrà mẹ́sàn-án ni ó ti mọ̀. Ní ọdún náà, kò sí ẹni tí ó ti Nàìjíríà lọ sí Hájì. Síbẹ̀, ọmọdé kan kọ́ bàbá rẹ̀ ní Kùránì, èrè rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa bèèrè bí àfáà ọmọ yín ṣe ń jẹun. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú sọ yín di ẹni tí ń ṣe nǹkan ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹ bá mọ hádíìsì lórí, ẹ bi ara yín léèrè ọjọ́ tí ẹ ó lò ó.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn tí àrùn náà mú lọ, kí Ó forí jin àwa náà, kí Ó má jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀ mọ́. Àmín.