Ọwọ́ Tó Ti Kan Etí

Nígbà tí ìyá mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, wọn ò béèrè ìwé ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá àárín orí kó fi kan etí òsì. Ọwọ́ kan etí, ó wọlé. Oṣù Kìíní 1955 ni, ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kókó, kò lè ka orúkọ ara rẹ̀; ìyá mi di tíṣà, èmi náà sì jáde yunifásítì. Ìdí nìyẹn tí mo fi dé Peckham ní London pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kí ọmọ ṣáà ti mọ̀wé, kò síbi tí kò lè dé.

Iṣẹ́ kílínìn ni mo kọ́kọ́ ṣe níbí. Aago mẹ́rin òwúrọ̀ ti ń bá wa nínú bọ́ọ̀sì 36 tó ń lọ sí Victoria. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ náà, ẹ ó rò pé Mushin lẹ wà: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ara ńkọ́?" Ẹni tó máa ń jókòó tì mí ti kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Àkúrẹ́ kó tó wá. Obìnrin iwájú wa ti ṣe mánéjà báńkì. Ìwé ẹ̀rí wọn wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń nu tábìlì fún àwọn tí kò ju àkọ́bí wọn lọ. Bí ó bá sì ti rẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ kan náà là ń sọ: "Nítorí àwọn ọmọ ni."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un dé lọ́dún 2007. Ilé ìkàwé Peckham ló sọ di ilé. Ẹ mọ ilé náà, èyí tí wọ́n fi páànù bàbà aláwọ̀ ewé bò, tí iwájú rẹ̀ dúró lórí àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2000, tó sì gba ẹ̀bùn Stirling ti iṣẹ́ ilé kíkọ́ lọ́dún yẹn kan náà. Òkè kẹrin ni ìwé wà. Mo máa ń bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìwé kẹ́mísírì níwájú rẹ̀, àwọn ilé gogoro àárín London níta gíláàsì. Lọ́jọ́ kan ó na ìka sí ọ̀kan nínú wọn: "Àǹtí, Mọ́mì mi ló ń nu ìyẹn." Kò tijú rárá. Ó yí padà sídìí ìwé rẹ̀.

Oṣù Kẹjọ 2019, èsì A-level jáde. Ó yege, yunifásítì tó fẹ́ sì gbà á. Ìyá rẹ̀ se jọ́lọ́ọ̀fù, a jó. Kò pẹ́ rárá tí lẹ́tà fi dé pé wọn ò ní yá a lówó ilé ìwé. £9,250 ni owó ọdún kan nígbà yẹn, ẹ̀yáwó ìjọba sì ni ọmọ tálákà fi ń san án. Ẹni tí kò bá lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yáwó náà, iye tí wọ́n ń bù fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sábà máa ń bù fún un, ìyẹn sì wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí òfin náà ṣe rí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Beaurish Tigere, tí òun náà dé láti Zambia ní ọmọ ọdún mẹ́fà, gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain, ó sì jàre ní oṣù Keje 2015. Òun ló jẹ́ kí ọmọ ọdún 18 tó ti lo ìdajì ayé rẹ̀ níbí lè rí ẹ̀yáwó gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìdènà kan sílẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ti ní pépà, ìyẹn ìwé àṣẹ láti gbé níbí, fún odidi ọdún mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ọdún 2018 ni ọmọ tiwa gba pépà. £1,033 ni owó rẹ̀ fún ẹnì kan nígbà náà, láì ka owó ìlera, ọdún méjì ààbọ̀ péré ló sì wà fún; wọ́n ní láti tún san án, kí wọ́n tún san án, títí ọdún 10 yóò fi pé. Owó kílínìn ni ìyá rẹ̀ ń kó jọ látọjọ́ yìí.

Ó wá sílé mi pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Kò sunkún. Ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin mọ̀?"

Mo mọ̀. Gbogbo wa nínú bọ́ọ̀sì 36 la mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun àti ìyá rẹ̀ ò ní pépà. Bí ọmọ bá wọlé, a ó yí ọ̀rọ̀ padà. A ní kí ọkàn rẹ̀ má dàrú. "Ṣáà máa kàwé," bẹ́ẹ̀ la ń sọ fún un, ọdún méjìlá gbáko. Ó kàwé. Àwa la fi í sílẹ̀ kó lọ forí gbá ilẹ̀kùn tí a ti mọ̀ pé wọ́n tì. Èyí ló ń dùn mí jù, ju òfin lọ pàápàá, nítorí òfin kò pe ara rẹ̀ ní àǹtí ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ọ́ síta, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ṣọ́ọ̀bù onírun ní Rye Lane. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ síbí, ẹ má rò pé ó ti parí: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1983, ibi tí wọ́n bí ọmọ sí nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ Britain, bí òbí kankan kò bá jẹ́ ọmọ Britain tàbí kó ní ìwé ìgbé ayérayé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí síbí, tó sì lo ọdún 10 àkọ́kọ́ rẹ̀ níbí, lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Owó rẹ̀ lé ní £1,000 lọ́dún 2022, àmọ́ láti ọdún yẹn, ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́ fún ọmọ náà. Ẹ wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ lọ́yà tòótọ́. Kí ẹ sì sọ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ta ọjà ní súpámákẹ́ẹ̀tì fún ọdún méjì. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, tí ọdún mẹ́ta náà ti pé, ó lọ yunifásítì. Kó tó lọ, a tún jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé òkè kẹrin, mo sì sọ ìtàn ìyá mi fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá àárín orí, ó di etí òsì mú, ó sì ń wò mí.