Ta Ló Wọ̀n Ọ́n? Ọ̀rọ̀ Lórí Páàtì Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Akẹ́rù ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté Lẹ́kkí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote sì tẹ̀lé e ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, kò sí ẹni tó ń gbé apá ìlà-oòrùn Èkó tí kò mọ̀ pé ọkọ̀ akẹ́rù ti pọ̀ sí i lójú pópó. Ilé-iṣẹ́ ìrẹsì tó wà ní Ìmọ́tà, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìn-ín-ní yẹn kan náà, fi tirẹ̀ kún un. Láti Ìkòròdú, gba Odogunyan àti Agbọ́wá, títí dé Ìtòkín àti Ẹ̀pẹ́, típà oníyanrìn ló ń tẹ̀lé tírélà, tírélà ló ń tẹ̀lé ọkọ̀ gẹdú. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ọ̀nà tó bàjẹ́ àti lórí awakọ̀ tí ń sá eré àsápajúdé. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni ọ̀rọ̀ lórí ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: nígbà tí ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ yìí bá dákẹ́, níbo ni wọ́n ti ń rí ẹ̀yà ara mìíràn fi sí i, ta ló sì ń dúró fún ẹ̀yà ara náà?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ni típà MAN kan tó ń kó yanrìn láti etí ọ̀sà Ìkòròdú lọ fún àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ilé mẹ́rin ló ń jẹun lára ọkọ̀ náà: ilé tèmi, ilé ẹ̀gbọ́n mi, ti awakọ̀, àti ti ọmọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ní ọdún tó kọjá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbàgà-gbàgà nísàlẹ̀. Awakọ̀ wa kò dúró kí ó dákẹ́ fúnra rẹ̀ kí ó tó pa á, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u palẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ló bá wa sọ: kiráńkì ti ha, tọ́ọ̀pù sìlíńdà sì ti sán.

Ẹni tó bá ní kí a lọ ra tuntun kò tíì dé ọjà láìpẹ́ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ju 1,500 lọ. Owó dọ́là sì ni wọ́n fi ń ra páàtì ọkọ̀ ńlá wọ̀lú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí Dangote já owó lítà epo dísẹ́ẹ̀lì láti 1,200 náírà sí 1,000, ọ̀pọ̀ onítípà ló mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n owó epo nìyẹn, kì í ṣe owó irin. Ohun tó ṣẹ́ kù fún irú wa ni tòkúnbọ̀, àti ohun tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní "rímánì".

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí rímánì jẹ́ níbi tí wọ́n ti bí i, nítorí orúkọ náà ti rin ìrìn-àjò jìnnà. Èmi ń pè é ní páàtì àtúnrọ. Ilé-iṣẹ́ á gba ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì tàbí ẹ̀yà ara rẹ̀ padà, á tú u palẹ̀ pátápátá, á fọ̀ ọ́ títí irin á fi hàn, á wọn gbogbo ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ju èyí tó ti jẹ kọjá àlà sẹ́yìn, á fi tuntun rọ́pò rẹ̀, á tún un tò, á dán an wò bí wọ́n ṣe ń dán tuntun wò, lẹ́yìn náà á fi ìwé ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ Renault bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Choisy-le-Roi, lẹ́bàá Paris, ní ọdún 1949. Caterpillar bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1973. Níbẹ̀, ẹni tó wá ra àtúnrọ gbọ́dọ̀ mú ògbólógbòó tirẹ̀ wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á san owó ìdógò lé e lórí. Ìdí ni pé ògbólógbòó yẹn gan-an ni ohun èèlò tí wọ́n fi ń ṣe òmíràn. Bí kò bá padà wá, iṣẹ́ náà á dúró.

A lọ bá aṣojú ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta irú èyí gan-an. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi wá ni pé, "Ògbólógbòó yín dà?" Iye méjì ni wọ́n pè: iye ẹni tó mú un wá, àti iye ẹni tí kò mú un wá. Méjèèjì ló ju agbára wa lọ, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn. Nínú gbogbo ọjà tí a rìn lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó tún bi wá bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ń ta rímánì fún ọ tí kò sì bi ọ́ léèrè ògbólógbòó rẹ, ó yẹ kí etí rẹ dìde.

Ẹni tó bá mọ Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Owódé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú mọ̀ pé irin pọ̀ níbẹ̀ ju ènìyàn lọ. N kò ní dárúkọ ọjà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, nítorí ẹni kan ṣoṣo kò lè ba gbogbo ọjà jẹ́. A mú àgbàlagbà kan dání láti Ìkòròdú, ẹni tí gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò wa ń pè ní Bàbá Lẹ́ẹ̀tì, nítorí ó ti ń fi ẹ̀rọ lọ irin láti ìgbà tí Mercedes 911 ti jẹ́ ọba ọ̀nà. Ọlọ́jà náà gbé kiráńkì kan jáde. Wọ́n ti kun àwọn apá rẹ̀ tó wúwo ní ọ̀dà, ojú rẹ̀ ń dán, gíríìsì tuntun bò ó.

"Mọ̀mí, rímánì gidi nìyí," ló wí fún ẹ̀gbọ́n mi. "Láti Amẹ́ríkà tààrà. Ẹ wo ọ̀dà rẹ̀."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ta ló wọ̀n ọ́n?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. Bàbá Lẹ́ẹ̀tì kò rẹ́rìn-ín. Ó nu gíríìsì kúrò, ó fa màìkírómítà rẹ̀ yọ lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ojú kiráńkì náà níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìkẹrin, inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọlọ́jà.

"Bàbá, ẹ dákun, ṣé kiráńkì lẹ fẹ́ rà ni, àbí ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́ tí ẹ ń ṣe ìwádìí tó báyìí?"

"Ọmọ mi," ni Bàbá dáhùn, "ìyàwó ṣì lè ṣe sùúrù fún èèyàn. Kiráńkì kì í ṣe sùúrù."

Méjì nínú ojú mẹ́fà tí àwọn ọ̀pá písítìn máa ń dì mú kò rí róbótó mọ́. Wọ́n ti rí bí ẹyin. Ẹnìkan ti fi sáńpépà ra á títí ó fi dán, ó sì fi gíríìsì bo àṣírí. A kí ọlọ́jà náà pé ó dìgbóṣe, a sì bá tiwa lọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí ohun kékeré bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀ ni wọn kò sọ ọ́ fún rí. Àlàfo tó wà láàárín kiráńkì àti bẹ́árìn rẹ̀ kò ju bí abala ìwé kan ṣe nípọn lọ. Inú àlàfo yẹn ni ọ́ìlì máa ń dúró sí, ọ́ìlì yẹn ni kì í jẹ́ kí irin kan irin. Àwọn àgbà sì ti sọ pé bí irin méjì bá ń kan ara wọn, ọ̀kan yóò tẹ̀ fún ìkejì. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi irin rírọ̀ bo ojú bẹ́árìn, kí ó lè jẹ́ pé òun ni yóò tẹ̀, kí kiráńkì tó wọ́n má baà bàjẹ́. Bí kiráńkì bá ti jẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ kéré sí i ní ìwọ̀n kan, wọ́n á wá bẹ́árìn tó nípọn sí i fún un. Ohun tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní 010, 020 àti 030 nìyẹn. Ojú tó ti rí bí ẹyin kò ní bẹ́árìn kankan tó bá a mu. Ó lè rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì lè má dé Ìtòkín.

Ti tọ́ọ̀pù sìlíńdà le ju èyí lọ, nítorí ojú kì í sábà rí ibi tó ti sán. Nígbà tí Rudolf Diesel àti àwọn ará Augsburg ní Jámánì mú ẹ́ńjìnnì yìí ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1897, wọn kò fi púlọ́ọ̀gì sí i. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń fún pọ̀ títí tí ooru rẹ̀ á fi tó láti tan epo. (Augsburg yẹn ni A tó wà láàárín orúkọ MAN.) Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò gba ojú sísán, ooru kò ní tó, epo kò ní jó tán, èéfín dúdú á gba ojú ọ̀nà. Bí omi bá sì gba ibẹ̀ wọnú ọ́ìlì, ọ́ìlì á funfun bí tíì onímílíìkì, bẹ́árìn á sì lọ. Ọ̀nà tó dájú láti mọ̀ ni kí wọ́n dí gbogbo ihò omi ara rẹ̀, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí wọ́n sì rì í sínú omi gbígbóná. Bí ìfóófò bá ń jáde, ọ̀rọ̀ ti parí, ọ̀dà yòówù kó wà lára rẹ̀.

Ní ọjà kejì, ọmọ Ìgbò kan tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tiwa kan lọ gbé kiráńkì tirẹ̀ sílẹ̀. Kò pè é ní rímánì. "Alhaja, tòkúnbọ̀ ni o," ló wí. "Wọ́n ti lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí. 010 ni. Ẹ wọ̀n ọ́n." Bàbá Lẹ́ẹ̀tì wọ̀n ọ́n tán, ó mi orí. Ọlọ́jà náà kọ ọ́ sínú risíìtì pé àlòkù ni, pé 010 ni, àti pé a wọ̀n ọ́n níṣojú òun. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti rà á, ó sì gbà pé kí a lọ rì í sínú omi kí a tó san owó tán.

N kò fi èyí pe ọkùnrin náà ní ẹni mímọ́. Ohun tí òfin bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà sọ pé ẹni tó bá ta ohun tí wọ́n ti lò rí, tàbí tí wọ́n tún ṣe, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí olùrà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó ṣe àpèjúwe ọjà náà. Síbẹ̀, risíìtì tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́jà wa ni èyí tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sí nísàlẹ̀ pé ọjà tí a bá ti tà, kò sí dídá padà. A ti rí i tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rò pé òun gan-an ni òfin.

Ohun tó wà nínú ọkàn mi jù lọ ni awakọ̀ wa. Ẹ̀rọ tó ń fún bíréèkì ọkọ̀ ńlá ní afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì ló ń yí i. Ẹ̀rọ tó ń mú kí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì pẹ̀lú yanrìn tútù lẹ́yìn, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ á le bí òkúta, afẹ́fẹ́ á máa lọ sílẹ̀, bíréèkì á sì di ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ níbi tó bá ti bá a, ìbáà jẹ́ lórí afárá, lóru, níbi tí kò sí iná. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ̀ pé sáńpépà ẹnìkan ló pa á.

Bàbá Lẹ́ẹ̀tì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ tó kù ní Ìkòròdú ni mo kà sí oníṣẹ́ àtúnrọ gidi tí a ní. Ìjọba máa ń sọ̀rọ̀ nípa ilé-iṣẹ́ tí yóò máa to ọkọ̀ tuntun, bí èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fún Mercedes ní Enugu àti fún Leyland ní Ìbàdàn nígbà ayé epo rọ̀bì. N kò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ń lọ kiráńkì rí. Jẹnẹrétọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, epo dísẹ́ẹ̀lì ló sì ń jó nínú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní, ọmọ náà sì ti ń wá ọ̀nà àtilọ máa gun ọ̀kadà. Láàárín ìgbà yìí, ògbólógbòó kiráńkì àti tọ́ọ̀pù sìlíńdà tí wọ́n ì bá tún rọ ni àwọn onírin ń fi òṣùwọ̀n gbé lọ sí àwọn iná ìléru tó wà lẹ́bàá Odogunyan, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ wọn di ọ̀pá irin ìkọ́lé. Irin tí wọ́n fi ìmọ̀ ńlá rọ ní Jámánì ni a ń tà ní kílò kílò, bí ẹni ń ta gàrí.

Ògbólógbòó kiráńkì tiwa ṣì wà lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá Lẹ́ẹ̀tì ti wọ̀n ọ́n, ó ní kò tẹ̀, pé bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ dé 030, ó ṣì lè bí ọdún mélòó kan. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ́ìlì pa á, ó fi ọ̀rá wé e, ó gbé e lé orí pákó. Ọmọ tó ń ti ọmọlanke onírin máa ń yà síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, á sì tún bèèrè pé, "Mọ̀mí, èló lẹ máa gbà?"