Mọ́tò àtijọ́ tó ń tẹná fúnra ẹ̀! Láti Bàrúwà dé Ládípọ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ dé Bàrúwà láti àárín ìlú Èkó, Ìyànà-Ìpájà ló sábà máa ń kọ́kọ́ forí lé, níbi tí ọ̀nà Ìpájà ti ya kúrò lára títì márosẹ̀ tó lọ sí Abẹ́òkúta. Tó bá ti yà níbẹ̀, tó rọra ń bá ọ̀nà Ìpájà lọ, Bàrúwà kò jìn mọ́, abẹ́ ìjọba ìdàgbàsókè Àyọ̀bọ̀-Ìpájà, nílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ló wà. Bí wọ́n bá ń fi ojú wo máàpù, ìrìn kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé ná, kí dánfó, onímárúwá àtàwọn oníkòrópe jọ máa du ojú títì kan ṣoṣo, ẹ ó rí i pé máàpù kò mọ nǹkan kan.

Bàrúwà kì í ṣe ibi táwọn àlejò ti ń lọ wòran. Ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ ni, àwọn tó ń jí jáde nígbà tí ilẹ̀ ò tí ì mọ́, tí wọ́n ń wọlé nígbà tó ti ṣú. Èyí tó pọ̀ jù nínú mọ́tò tó wà níwájú ilé wọn, tòkunbọ̀ ni, ó sì lórúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò sọ ọ́. Camry kan wà tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, Honda kan wà tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Kò kúkú parí, nítorí òmíìn tún dé lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ní Discussion Continues ni tiẹ̀.

Ohun tó ń jẹ àwọn onímọ́tò yìí lọ́kàn kò ju epo lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ epo àti Bàrúwà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990 lepo bẹntiróòlù ti jò wọnú ilẹ̀ ládùúgbò náà láti ara páìpù tó ń gbé epo kọjá, tó sì wọnú kànga àti bọhóòlù àwọn èèyàn. Wọ́n á fami, òórùn epo ló máa kọ́kọ́ bá wọn nímú. Omi náà kò ṣe é mu, kò ṣe é fi dáná. Epo tó ba omi wọn jẹ́ yìí náà ni wọ́n tún ń lọ tò sí fún nílé epo, tí wọ́n ń fowó gidi rà á. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ni Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà kan tí kò tó igba náírà nígbà náà fò sókè di nǹkan bí 490 náírà l'Ékòó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, 2024, ó ti fẹ́ẹ́ kan ẹgbẹ̀rún náírà.

Ìjọba ní káwọn èèyàn yí mọ́tò wọn sí èyí tó ń lo gáàsì CNG. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ní Bàrúwà yìí kan náà nilé gáàsì kan ti búgbàù nínú oṣù Kẹwàá, 2020, tẹ́mìí ṣòfò, tí ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná. Gáàsì ìdáná nìyẹn, ó yàtọ̀ sí ti mọ́tò, àmọ́ ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Kò ní í yani lẹ́nu bí ẹnì kan níbẹ̀ bá ní òun ò gbé sílíńdà kankan sẹ́yìn mọ́tò òun.

Ọgbọ́n kékeré kan wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú sílíńdà. Òun làwọn òyìnbó ń pè ní cruise control. Kì í ṣe kúrúùsì táwọn ọmọ ìgboro fi ń pe ẹ̀fẹ̀ o. Súìṣì kan ni, tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mọ́tò ń sáré ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan, mọ́tò á di eré náà mú, awakọ̀ á sì gbẹ́sẹ̀ kúrò níbi tó ti ń tẹná. Lójú títì tó tẹ́jú, eré tó dọ́gba kì í jẹ epo tó eré àtẹ̀-tú-àtẹ̀-tú tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ Èkó mọ̀ ọ́n sá.

Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Afọ́jú ló ronú ẹ̀! Ralph Teetor lorúkọ ẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí lọ́dún 1890, tó pàdánù ojú rẹ̀ méjèèjì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Síbẹ̀ ó kàwé, ó di ẹnjiníà, ó sì di ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rìǹgì písítìnnì. Wọ́n ní lọ́yà ẹ̀ ló máa ń wà á kiri, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá ti ń sọ̀rọ̀, mọ́tò á rọra máa wọ́, bó bá ń tẹ́tí sílẹ̀, eré á tún lé sí i. Inú ń bí Teetor, ó sì lọ ṣe ohun tí yóò máa di eré mú. Wọ́n fún un níwèé àṣẹ lórí ẹ̀ ní 1950, nígbà tó sì di 1958 ni Chrysler kọ́kọ́ gbé e sínú mọ́tò tí wọ́n ń tà. Ẹni tí kò ríran ló wo àìsàn awakọ̀ sàn.

Ní báyìí, tí mọ́tò bá ti dàgbà, tí kò bá a wá láti ilé, ṣé wọ́n lè fi sí i? Wọ́n lè fi sí i dáadáa. Ẹ mú Toyota Corolla ti Amẹ́ríkà, láti ọdún 2005 sí 2008. Kì í ṣe okùn ló ń fa iná nínú ẹ̀ mọ́, wáyà àti kọ̀ǹpútà ni. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọpọlọ kúrúùsì ti wà nínú kọ̀ǹpútà náà láti ilé iṣẹ́, súìṣì tó yẹ kó wà lẹ́yìn sítíárìn ni wọn ò fi sí i nítorí pé èyí tówó ẹ̀ kéré ni wọ́n rà. Ó dà bí ilé tí wọ́n ti wáyà sí, tí wọn ò kàn gbé gílóòbù sí.

Ọjà Ládípọ̀, ní Múṣin, ni wọ́n ti ń lọ wá súìṣì ọ̀hún. Ẹ̀yà ara mọ́tò tó ti forí sọ igi lókè òkun, tí wọ́n tú palẹ̀, ni wọ́n ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù níbẹ̀, ìbáà jẹ́ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ariwo ọjà náà pọ̀. “Ọ̀gá, kí lẹ ń wá? Ọ̀gá, ẹ wọlé!” ni wọ́n á máa pariwo títí èèyàn á fi gbàgbé ohun tó bá wá. Ẹni tó bá gbọ́n á mú nọ́ńbà mọ́tò ẹ̀ àti fọ́tò sítíárìn ẹ̀ dání, nítorí súìṣì tí kò bá ihò ìdí sítíárìn mu, asán ni. Kó tẹ̀ ẹ́ sókè, kó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, kó fà á síwájú, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa padà síbi tó wà. Kó wo ẹnu wáyà ẹ̀ pẹ̀lú. Tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ gé e dípò kí wọ́n yọ ọ́, kó yọwó lára ẹ̀ tàbí kó gbé e sílẹ̀.

Ríwáyà ló máa fi í sí i, kì í ṣe mẹkáníìkì. Iṣẹ́ náà kò ju bíi wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n éábáàgì wà láàárín sítíárìn, éábáàgì kì í sì í ṣeré. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, kí wọ́n dúró fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ó kéré tán, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ríwáyà tó bá ní “Ọ̀gá, ẹ fi mí sílẹ̀, mo ti ṣe é rí,” tó fẹ́ẹ́ tú u bí iná bátìrì ṣe wà lórí, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn mọ́tò tó tún dàgbà ju ìyẹn lọ, tí okùn ń fa iná wọn, iṣẹ́ tiwọn le díẹ̀. Súìṣì nìkan kò tó. Wọ́n á wá mọ́tò kékeré tàbí ike tó ń fi afẹ́fẹ́ fa okùn iná, wọ́n á wá kọ̀ǹpútà tiẹ̀, àti wáyà tó ń sọ fún un bí táyà ṣe ń yí sí. Ara mọ́tò kan náà ló yẹ kí gbogbo ẹ̀ ti jáde. Èyí tí wọ́n ń fi ti Honda bá ti Nissan mu, owó ló ń jẹ.

Nínú gbogbo wáyà yìí, ti bíréèkì ni bàbá wọn. Súìṣì kan wà lókè bíréèkì tó ń tan iná pupa ẹ̀yìn mọ́tò. Òun náà ló ń sọ fún kúrúùsì pé kó tú eré sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo iye mọ́tò tó ń rìn l'Ékòó láìní iná bíréèkì! Ẹni tó bá lọ so kúrúùsì mọ́ irú súìṣì tó ti kú bẹ́ẹ̀, tàbí tí ríwáyà ẹ̀ fo wáyà náà nítorí pé kò rí i so, lọ́jọ́ tí tírélà bá dúró lójijì níwájú ẹ̀, ẹ̀rọ náà lè máa fi iná tì í lọ bó ṣe ń tẹ bíréèkì.

Ẹ má retí pé ẹ ó lò ó ní Bàrúwà o. Kúrúùsì ọ̀pọ̀ Toyota kì í gbà tí eré kò bá tó nǹkan bí ogójì kìlómítà ní wákàtí kan, kòtò àdúgbò sì ti rí sí ìyẹn. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló dára fún, ìrìn kìlómítà mẹ́tàdínláàádóje ó lé díẹ̀, níbi táwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ní kí mọ́tò kékeré má kọjá ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan. Tó bá sì jẹ́ àsìkò òjò ni, ẹ pa á, nítorí lórí omi, táyà lè yọ̀ kí ẹ̀rọ náà ṣì máa tẹná.

Lọ́jọ́ tí ríwáyà bá parí iṣẹ́, ẹ gbé òun náà sínú mọ́tò, kẹ́ ẹ jọ wá ibi tí títì ti dá, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹ mú eré dé ọgọ́ta, ẹ tẹ súìṣì, ẹ gbẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì fẹ́rẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ le. Ó gbọ́dọ̀ tú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má tí ì sanwó fún un.