Ìrẹsì Fúráìdè

Fìlà ló dá ìjà àkọ́kọ́ sílẹ̀ lórí ìrẹsì Fúráìdè. Àwọn àgbà ìjọ ní ọmọkùnrin tó bá fẹ́ jẹun nínú ilé Ọlọ́run gbọ́dọ̀ ṣí fìlà tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kúrò lórí. Èmi tí mo ń bu oúnjẹ ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, pé ẹni tó bo orí mọ ohun tó ń sá fún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi fa ọ̀rọ̀ náà. Lọ́sẹ̀ kẹrin, Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ gbé abọ́, ó lọ jókòó ti ọmọ kan tí a kò rí ju imú rẹ̀ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ọ̀rọ̀ Arsenal. Ó parí síbẹ̀.

Peckham ni mò ń sọ, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí iṣu, ata rodo àti ẹja gbígbẹ ti kún Rye Lane débi pé ẹni tó bá ti Mushin dé kò ní béèrè ọ̀nà ọjà. Ti ṣọ́ọ̀ṣì tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton kà wọ́n, wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn jáde lọ́dún 2013: ìjọ aláwọ̀ dúdú 240 ní àgbègbè Southwark nìkan. Tiwa wà nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan tí òjò ń jò sí. Ariwo ni àwọn aládùúgbò fi mọ̀ wá, bóyá òun nìkan náà ni.

Mo ti lo ọdún méjì níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pa Damilola Taylor, ní November 27, 2000. Ọmọ Èkó ni, kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó dé. Ó ń bọ̀ láti kíláàsì kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé Peckham, wọ́n fi àfọ́kù ìgò gún un nítan, ó wọ́ ara rẹ̀ dé orí àtẹ̀gùn kan ní North Peckham, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti dà tán lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kó pé ọmọ ọdún 11. Nígbà tí ilé ẹjọ́ yóò fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú rẹ̀, ó ti di 2006. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi, ọmọ ọdún 12 àti 13 nígbà tí wọ́n ṣe é.

Ìjọ wa gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. A ké, a wólẹ̀, a fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo àwọn ọmọ tiwa. Ọjọ́ kẹrin, a padà sẹ́nu iṣẹ́. A kò kan ilẹ̀kùn ẹnì kankan. Lọ́kàn wa, ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń fi ọ̀bẹ rìn, ọ̀rọ̀ àwọn ará Jàmáíkà ni, tàbí ti àwọn òbí tí kò kọ́mọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn ni ojú mi tó là, kò sì là lọ́nà tó dáa. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fà mí wọ kíṣínì ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kó má kọjá ọ̀dọ̀ yín." Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 15, ní fóònù méjì tí ẹnikẹ́ni kò rà fún un. Ó pòórá fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì padà dé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ìlú etí òkun kan lápò. Èmi ni mò ń darí àdúrà alẹ́ Wẹ́sìdeè nígbà náà. Mo gbé e síwájú ìjọ. N kò dárúkọ o: "arábìnrin kan láàárín àwọn akọrin wa, tó bí ọkùnrin kan ṣoṣo." Akọrin mẹ́sàn-án péré la ní. Lọ́jọ́ kejì, mo bá aṣọ akọrin rẹ̀ nínú àpò náílọ́ọ̀nù, ó ká a dáadáa, ó fi kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn mi. Oṣù 14 ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Nínú oṣù 14 yẹn ni mo lọ kọ́ ohun tó yẹ kí n ti mọ̀. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ ọmọ ìta a máa rán ọmọdé wọ rélùwéè lọ sí ìlú kéékèèké, kó lọ bá wọn ta kokéènì àti heroin. Láìn fóònù tí àwọn oníbàárà ń pè ló sọ okòwò náà lórúkọ, county lines. Ọjọ́ kan, àwọn kan á dá ọmọ náà lọ́nà, wọ́n á já ẹrù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó rán ọmọ níṣẹ́ ló tún rán olè sí i. Ọmọ ti jẹ gbèsè nìyẹn, ara rẹ̀ ni yóò fi san án. Ìwọ̀fà ni. Àwọn baba wa mọ ìwọ̀fà, àmọ́ olówó ìgbà tiwọn kì í gba ẹ̀yìnkùlé wá jí owó tó yáni. Ìyá tó bá wá rí ẹrù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, tó fi ìbínú dà á sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbèsè ọmọ rẹ̀ ló ń fi kún.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ ìrẹsì Fúráìdè, láago mẹ́ta tí ilé ìwé bá ti jáde. N kò ní ètò kankan ju kí ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ lọ.

Obìnrin akọrin náà, ní tirẹ̀, ṣe ohun tí púpọ̀ nínú wa ti ṣe. Ó ní àwọn ń lọ fún họ́lídè, ó sì gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí wọ́n dé Ìjẹ̀bú-Òde. N kò bẹnu àtẹ́ lù ú, n kò sì yìn ín. Ọmọ náà lo ọdún méjì, ó kọ́ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá débi tó ń fi òwe ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, ó yege WAEC. Ó padà sí Peckham, ó bá gbèsè níbi tó fi í sí.

Lẹ́yìn ìrẹsì, a jáde sí òru, à ń rìn káàkiri ìgboro. Àwa kọ́ la dá a sílẹ̀: Pásítọ̀ Les Isaac ló bẹ̀rẹ̀ Street Pastors ní Brixton lọ́dún 2003, a kàn lọ kọ́ṣẹ́ ni. Omi ló ń wà nínú báàgì wa, àti sílípáàsì fún ọmọbìnrin tí bàtà gíga ti dá lágara, àti lọ́líìpọ́ọ̀pù. Mo rò pé ti lọ́líìpọ́ọ̀pù yẹn jẹ́ àwàdà, àfi ìgbà tí mo rí ọkùnrin méjì tó fẹ́ jà tí súìtì dí wọn lẹ́nu. Ó ṣòro kí ènìyàn máa lá nǹkan dídùn kó sì tún búni dáadáa. A kì í wàásù, àfi bí wọ́n bá béèrè. Ìyẹn dùn mí gan-an níbẹ̀rẹ̀.

Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ wà ní ìjọ wa. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé ó dúró níbi tí ẹlòmíràn ti gún ènìyàn, òun náà wà níbẹ̀. Ní February 2016, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ nínú ẹjọ́ Jogee pé àwọn adájọ́ ti ṣi òfin tó ń dá ẹni tó bá apànìyàn rìn lẹ́bi lò fún ohun tó lé ní ọdún 30, ṣùgbọ́n ọmọ tirẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ògiri. Àwọn ìyá méjèèjì kì í jókòó sí ìlà kan náà. A pín ara wa: àwọn kan ń bá ọ̀kan lọ sí ibojì, àwọn kan ń bá èkejì wọ rélùwéè lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, níbi tí wọn kò ní jẹ́ kó gbé mọ́ínmọ́ín rẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ ti padà dé, obìnrin akọrin náà wọlé ní Fúráìdè kan, ó gbé kúlà lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi fọ abọ́. N kò tíì tún tọrọ àforíjì tán tó fi sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbà á síṣẹ́, ní Vauxhall. Kò lè wọ bọ́ọ̀sì."

Ó yé mi. Peckham ni SE15, Camberwell ni SE5. Ohun tí a ń kọ sára àpòòwé kí lẹ́tà má baà sọnù ti di ẹnubodè láàárín àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta, bọ́ọ̀sì 36 sì gbọ́dọ̀ gba Camberwell kọjá. Bí àgbàlagbà bá jókòó tì í, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fojú fò ó.

Nítorí náà, láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, èmi pẹ̀lú rẹ̀ jókòó sókè bọ́ọ̀sì. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kò sí fìlà lórí rẹ̀. Ó ń bi mí ní ohun tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Nígbà tí a ń sún mọ́ Camberwell Green, ó dákẹ́ lójijì. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹrí sáàárín orúnkún, ó ní òun fẹ́ so okùn bàtà. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà náà kò ní okùn. Mo gbé báàgì mi lé e lẹ́yìn, mo sì ń wo ìta lójú fèrèsé, bí ẹni tó dá wà.